Àpótí Kámẹ́rà tí Fadilath Gbé Lọ Sábẹ́ Òkun

Bí ẹ bá dé Houinmè ní Àjàṣẹ́, tí ẹ bèèrè ilé Gbadamassi, wọ́n á bi yín pé Gbadamassi wo, nítorí ìdílé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ìlú wa. Ẹ ní Gbadamassi tó se oúnjẹ lórí òkun. Ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ pàdé ni yóò nawọ́ sí ilé náà fún yín.

Láti ìgbà tí irùngbọ̀n wọn ti ń hù títí ó fi funfun ni bàbá yìí fi ń dáná nínú ọkọ̀ akẹ́rù, láti Kùtọnu dé Abíjàn, láti Abíjàn dé Dákà, kí wọ́n tó ṣẹ́rí padà. Wọn ò mọ̀wẹ̀, wọn kì í sì í fi pamọ́. "Èmi àti iná la jọ ń ṣiṣẹ́," ni wọ́n máa ń wí. "Kí ni ẹni tó ń ṣọ́ iná ń wá nínú omi?"

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nípa omi náà tí kò kúrò lọ́kàn wọn. Bí ọkọ̀ bá dé ẹ̀yìn èbúté Dákà, ó lè pẹ́ níbẹ̀ kí àyè tó yọ fún un láti wọlé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Bàbá á gbé ìkòkò jáde, wọ́n á da àjẹkù sómi. Kí ìrẹsì náà tó rì, nǹkan kan á kọ mànà nísàlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fa ọ̀bẹ yọ, oúnjẹ á sì ti pòórá. Ta ló jẹ ẹ́? Ẹyọ kan ni, àbí agbo? Wọ́n á na ọrùn títí, omi dúdú nìkan ni wọ́n ń rí. Oníbàárà ni wọ́n ń pe àwọn tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, bí wọ́n bá ń ròyìn iṣẹ́ wọn fún àwọn ọmọ, ibẹ̀ ni ìròyìn náà máa ń parí sí: "Mo bọ́ wọn títí, mi ò mọ ojú ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn."

Fadilath ni àbígbẹ̀yìn wọn. Òun ló ń gbé pẹ̀lú wọn láti ìgbà tí ìyá ti ṣaláìsí, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ẹ̀kọ́ nípa ewéko àti ẹranko. Dákà ló ti parí ìwé rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ Clémentine, ọmọ àdúgbò Akron ní Àjàṣẹ́ tó lọ́kọ síbẹ̀, ti mú un lọ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń mòòkùn fún ìgbádùn. Wọ́n á pọn ìgò afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, wọ́n á máa fi ẹnu mí láti inú rẹ̀, wọ́n á lọ máa wo ohun tó wà lábẹ́ òkun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi di Clémentine lọ́wọ́ mú títí èékánná rẹ̀ fi wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ kejì, òun ló ṣáájú gbogbo wọn bọ́ sómi. Láti ìgbà náà, kò sí fákáǹsì ńlá, ìyẹn ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ilé ìwé, tí kì í padà lọ.

Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Bàbá, ó ti múra sílẹ̀ fún ìbáwí. Bàbá sún àga wọn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní:

"Ibo lẹ ti ń wọ omi?"

"Lẹ́yìn èbúté, Bàbá, nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń dúró sí."

"Ṣé o rí wọn?"

"Àwọn ta ni?"

"Àwọn oníbàárà mi."

Fadilath rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì wọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn: àwọn ẹja pẹlẹbẹ onílà dúdú, àwọn pupa tí kì í jáde láti inú ihò àpáta, kúta tó ń dúró sójú kan bí ọlọ́pàá. Bàbá ń mi orí. Ṣùgbọ́n ó hàn lójú wọn pé ìròyìn kò tó wọn. Ẹni tó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ kò tíì jẹun.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n. Wọ́n ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Wọ́n ń kọ lu èjìká àwọn èèyàn ní mọ́sálásí, wọ́n á sì ní ẹni náà ni kò wo iwájú. Fadilath mú wọn lọ rí dókítà ojú ní Kùtọnu. Dókítà náà wò wọ́n dáadáa, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé pé omi inú ẹyinjú ló ń le jù, tó ń tẹ iṣan ojú pa, láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Àárín ló kù fún wọn báyìí, bí ẹni tó ń fi ihò ọ̀pá wo ayé.

"Èyí tó ti lọ kò ní padà," ni dókítà wí. "Oògùn tí ẹ óò máa kán sí i lè dá ìyókù dúró fúngbà díẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Fadilath bèèrè bóyá iṣẹ́ abẹ wà, bóyá ilé ìwòsàn mìíràn wà, bóyá ilẹ̀ òkèèrè. Dókítà ń dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn náà ò sì yí padà. Takisí wọn dé orí afárá tó wọ Àjàṣẹ́. Ọ̀sà wà ní apá ọ̀tún wọn, Bàbá ní láti yí gbogbo orí kí wọ́n tó rí i.

"Fadilath," ni wọ́n wí, "kí èyí tó kù yìí tó lọ, mo fẹ́ rí wọn."

Kò bèèrè àwọn wo.

Ó ní kámẹ́rà kékeré kan, irú èyí tó ń wọ àpò aṣọ. Òun ló fi ń ya ewé àti kòkòrò fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kámẹ́rà náà kì í ṣe tuntun mọ́, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ mọ́. Ohun tó kù ni àpótí tí wọ́n ń ti irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ mọ́ kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Kẹ̀sọ́ọ̀n ni àwọn òmùwẹ̀ ń pè é. Fadilath rò pé kò le. Ó rò pé èèyàn kàn máa ra kẹ̀sọ́ọ̀n bí ìgbà tó ń ra ìdérí ìkòkò ni. Àṣé ìdérí ìkòkò gan-an kì í bá gbogbo ìkòkò mu.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Akim, tó ń ta fóònù ní ọjà Ouando, ló kọ́kọ́ bá a dá sí i. Fòfó ni gbogbo ilé ń pè é. Ó mú àpò ọ̀rá kan wá, èyí tí wọ́n ń fi fóònù sí bí wọ́n bá ń lọ sí etí òkun.

"Wò ó, ìṣòro rẹ ti tán," ni Akim wí. "Mò ń tà á lójoojúmọ́. Ẹnì kan ò tíì dá a padà."

Wọ́n pọn omi sínú bàsíà láàárín ilé. Fadilath ki kámẹ́rà bọ inú àpò náà, ó tì í, ó rì í sómi, ó sì ya ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́, àwòrán náà dára. Inú Bàbá dùn. Wọ́n ní kí ó tún un ṣe, kí wọ́n ki ọwọ́ tiwọn náà bọ omi. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, gbogbo ilé gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Clémentine ló bà á jẹ́ lórí fóònù.

"Ọ̀rẹ́ mi, ti etí òkun nìyẹn," ó ní. "Ṣé o ti gbàgbé bí omi ṣe ń tẹ etí wa? Bó ṣe máa tẹ àpò ọ̀rá náà nìyẹn, á lẹ̀ mọ́ ojú kámẹ́rà pátápátá. Bọ́tìnì kan á máa tẹ ara rẹ̀, o ò sì ní lè tẹ òmíràn. Bí ìhò tó tó ojú abẹ́rẹ́ bá sì wà níbẹ̀, kámẹ́rà rẹ ti lọ. Àpótí líle ni kí o wá."

Ni Fadilath bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àpótí líle. Bó bá ti dé láti ẹnu iṣẹ́, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa ka ohun tí àwọn òmùwẹ̀ ilẹ̀ mìíràn kọ. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ irin, ó lágbára, ó lè dé ibi tó jìn ju ibi tí Fadilath máa dé láyé lọ, gbogbo bọ́tìnì kámẹ́rà ló sì ní ti ara wọn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo, owó rẹ̀ ju ti kámẹ́rà fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì, kò sì ṣeé wo inú rẹ̀. Bí omi bá wọlé, o ò ní mọ̀ àfi tí o bá gòkè. Èkejì jẹ́ ike líle tó mọ́ gaara. Èèyàn lè rí òrùka rọ́bà tó ń dí ẹnu rẹ̀ yí ká, á sì rí i bí irun orí kan ṣoṣo bá há sábẹ́ rẹ̀, nítorí irun kan ti tó fún omi láti fi ṣe ọ̀nà. Jíjìn tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tó Fadilath lò. Ike yìí ló wù ú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe kámẹ́rà náà ti pa á tì, wọn ò sì ṣe àpótí rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ṣẹ́ kù ti fọ́n káàkiri ọwọ́ àwọn oníṣòwò.

Wassim, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní Dákà, fẹ́ ta tirẹ̀. Clémentine lọ wò ó, ó sì padà wá sọ pé òrùka rọ́bà rẹ̀ ti le bí awọ gbígbẹ, kò sì sẹ́ni tó ń ta irú òrùka náà mọ́.

"Ṣé kí n rà á bẹ́ẹ̀?" ni Fadilath bèèrè.

"Èmi ò ní gbé kámẹ́rà mi sínú rẹ̀. Ìwọ lo ni tìrẹ."

Akim ní kí ó fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, kí ó ra kámẹ́rà tí kò bẹ̀rù omi. Fadilath kà nípa ìyẹn náà. Àwọn tí agbára rẹ̀ ká kò lè dé ibi tí wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé. Àwọn kan kọ̀wé pé irin ni kí èèyàn rà. Àwọn mìíràn ní ìnáwó lásán ni. Ẹnì kan ní òun fi ike sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà láìsí wàhálà, ẹlòmíràn sì gbé àwòrán tirẹ̀ jáde, kámẹ́rà rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi iyọ̀. Bí Fadilath bá ti pinnu lónìí, ohun tó bá kà lọ́la á tú u ká. Ẹ̀rù àṣìṣe ń bà á, nítorí ó mọ̀ pé fákáǹsì kan ṣoṣo ni òun ní. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ń lọ. Bàbá ń kán oògùn wọn láàárọ̀ àti ní alẹ́. Ní ọjọ́ kan, wọ́n fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, wọ́n wo ọ̀dọ̀ Fadilath pẹ̀lú ti òsì, wọ́n sì sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Èyí ti parí."

Ní ọjọ́ yẹn ló ra ti ike. Oníṣòwò kan ní ilẹ̀ Faransé ló ní ẹyọ kan tó kù. Nọ́ńbà kámẹ́rà tó wà lára páálí rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, àyàfi lẹ́tà kékeré kan ní ìparí. Fadilath kọ̀wé bèèrè. Wọ́n dá a lóhùn pé òun náà ni. Ó sanwó.

Ẹrù náà kúrò ní ilẹ̀ Faransé, ó sì dàwátì. Àwọn akẹ́rù ní ó wà lọ́nà. Ó gun ọ̀kadà zém lọ sí ọ́fíìsì wọn ní abẹ́ òjò, wọ́n ní kí ó padà wá. Ó padà wá, wọ́n ní ó wà lọ́wọ́ dùwáánù, àwọn aṣọ́bodè. Ó dé ọ̀dọ̀ dùwáánù, wọ́n ní àwọn ò tíì rí i. Arábìnrin tó wà nídìí tábìlì kò jẹ́ èèyàn burúkú. Ó máa ń kí i, ó máa ń ní kí ó jókòó, ó máa ń wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Tantí, kò sí ohun tí mo lè ṣe," ló máa ń sọ, òótọ́ ló sì ń sọ. Fadilath ì bá fẹ́ kí òun rí ẹnì kan bá jà.

Nígbà tí ìrìn àjò rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n pè é. Ó gbé páálí náà délé láìtú u, kí Bàbá lè wà níbẹ̀. Ó gé e, ó yọ kẹ̀sọ́ọ̀n náà, ó sì gbé e sí wọn níwájú.

"Ó dà?" ni Bàbá wí.

"Òun nìyí, Bàbá. Ó wà níwájú yín."

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Ó mọ́ gaara ni. Bíi dígí." Ó fà á lé wọn lọ́wọ́. Bàbá fi ìka tẹ̀ ẹ́ yí ká, wọ́n kan òrùka rọ́bà náà, wọ́n kan ìdè tó ń tì í, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbé ìkòkò tó dára.

Kámẹ́rà wọ inú rẹ̀ rẹ́gí. Fadilath tì í. Ó tẹ bọ́tìnì tó ń ya àwòrán. Kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ìgbà náà ló rí i: igi ike kékeré tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ sórí bọ́tìnì ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà ò ju ìbú hóró ìrẹsì lọ. Lẹ́tà kékeré tó wà ní ìparí yẹn ni.

Akim lẹ rọ́bà mọ́ orí igi náà. Ó ya àwòrán kan, ó ya ìkejì, rọ́bà náà já bọ́ sínú. Ó tún un lẹ̀, ó tún já. Fadilath kọ̀wé sí oníṣòwò náà. Ìdáhùn wọn dé kíákíá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: wọ́n tọrọ àforíjì, kí ó dá a padà, wọn á dá owó rẹ̀ padà. Owó kọ́ ló ń wá.

"Má sunkún," ni Clémentine sọ lórí fóònù. "Tan fídíò kí o tó tì í. Kí ó máa yà á lọ fúnra rẹ̀ títí o fi máa gòkè. O ò ní lè tẹ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ibi tí o bá kọjú rẹ̀ sí, á rí i."

Ọgbọ́n tó wà nìyẹn. Fadilath kọ́kọ́ dán kẹ̀sọ́ọ̀n náà wò láìsí kámẹ́rà: ó fi bébà ìnujú sínú rẹ̀, ó tì í, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ bàsíà, ó sì lọ ṣe iṣẹ́ ilé. Nígbà tó tú u, bébà náà gbẹ táútáú. Akim pàtẹ́wọ́. Bàbá ní kí wọ́n fún àwọn ní bébà náà, wọ́n fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti mọ̀ bóyá ó tutù.

Ó dé Dákà. Òkun dákẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nínú ọkọ̀ ojú omi ẹgbẹ́ wọn, oòrùn ń jó, Fadilath nu òrùka rọ́bà, ó fi òróró rẹ̀ pa á díẹ̀, ó wò ó yí ká pé kò sí irun, kò sí iyanrìn. Ó tan fídíò. Ó tì í. Ó wọ omi.

Kò sí ẹ̀kán omi kan tó wọlé. Ó ń wò ó bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó mọ́ tónítóní, iná pupa kékeré inú rẹ̀ ń tàn. Clémentine ń lọ níwájú, bàtà ìwẹ̀ rẹ̀ ń jù bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n dé ìdí àpáta. Ẹja ò pọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń sá fún wọn. Fadilath ń kọjú kẹ̀sọ́ọ̀n sí ihò kan dé òmíràn, kò rí ju ìrù lọ. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí afẹ́fẹ́ wọn fi ń tán lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ìdákọ̀ró. Kò jìnnà sí òkè mọ́ tí wọ́n dúró láti sinmi, bí ó ti yẹ kí gbogbo òmùwẹ̀ ṣe.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí omi fi funfun lókè orí wọn. Atukọ̀ wọn ti jẹun ọ̀sán tán, ó ń ṣan ìkòkò rẹ̀. Ìrẹsì ń bọ̀ wálẹ̀ hóró hóró, ó ń yí nínú ìmọ́lẹ̀. Fadilath ò mọ ibi tí àwọn ẹja ti jáde. Àwọn onílà dúdú ló kọ́kọ́ dé, agbo rẹpẹtẹ, wọ́n ń jà sí i, wọ́n ń kọ lu apá rẹ̀. Àwọn kéékèèké tó rí bíi fàdákà gba àárín wọn kọjá. Kúta kan wá láti ọ̀nà jíjìn, kò jẹ ìrẹsì, ó kàn dúró ń wo gbogbo wọn. Fadilath gbé kẹ̀sọ́ọ̀n sókè.

Ojú kẹ̀sọ́ọ̀n náà ti funfun.

Ó fi àtàńpàkò nù ún. Kò lọ. Ó tún un nù, ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ nù ún, kó tó yé e pé inú ni ó wà. Kámẹ́rà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n wà lókè ti gbóná, omi òkun tutù, ọ̀rinrin tí wọ́n tì mọ́ inú rẹ̀ ti di ìrì, ó sì ti sẹ̀ bo dígí iwájú rẹ̀ pátápátá. Bó bá tú u, omi á pa á. Bí kò bá tú u, kò sí ọwọ́ tó lè dé ibẹ̀. Kò lè yára gòkè lọ, afẹ́fẹ́ á hó nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Iná pupa náà ṣì ń tàn, kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ó ń ya ìrì. Fadilath dúró síbẹ̀, ó di okùn mú, kẹ̀sọ́ọ̀n ń fì lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ojú ara rẹ̀ wo àwọn oníbàárà bàbá rẹ̀ títí wọ́n fi jẹun tán, tí wọ́n sì túká.

"Àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin," ni Clémentine wí nínú ọkọ̀, ó di orí mú. "A máa ń fi sínú rẹ̀. Mo mọ̀. Mo mọ̀ dáadáa. Kò sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́la, a óò padà."

Lọ́jọ́ kejì afẹ́fẹ́ dìde. Ìgbì ga bí ògiri, wọn ò sì gbà kí ọkọ̀ kankan jáde. Afẹ́fẹ́ náà ò rọlẹ̀ títí ọjọ́ tí Fadilath máa padà sílé fi pé. Láràárọ̀ ló ń lọ sí etíkun pẹ̀lú àpò tó ń fa ọ̀rinrin lápò rẹ̀, á wo òkun, á padà sílé Clémentine.

Bàbá ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé. Akim náà wá. Fadilath gbé kọ̀ǹpútà lé orí àga kékeré níwájú Bàbá, wọ́n sì sún ojú mọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, wọ́n ń yí orí láti fi ibi tó kù wá àwòrán náà.

"Búlúù," ni wọ́n wí. "Mo rí búlúù." Lẹ́yìn náà wọ́n pariwo: "Háà! Ẹja ńlá nìyẹn!"

"Ẹsẹ̀ Clémentine ni, Bàbá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Bàbá rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n rí àpáta. Wọ́n rí ìrù ẹja pupa kan, ó sì di dandan kí Fadilath padà sẹ́yìn kí wọ́n tún un rí. Fídíò náà ń lọ. Díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàwọ̀ dà.

"Ó ń funfun," ni Bàbá wí.

Fadilath sún kọ̀ǹpútà náà mọ́ wọn.

"Fadilath. Ojú mi ni, àbí àwòrán náà?"

"Àwòrán náà ni, Bàbá. Ìrì ló sẹ̀ sí i. Ẹ̀bi mi ni, ojú yín kọ́."

Bàbá fà sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá orí rẹ̀ rí, wọ́n sì fọwọ́ pa á. "Ọmọ dáadáa ni ọ́," ni wọ́n wí.

"Bàbá, mi ò parọ́ fún yín. Fòfó, ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Òótọ́ ni, Bàbá," ni Akim wí. "Èmi náà ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó funfun ni."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ti fi ẹnu kò. Ó dára bẹ́ẹ̀."

Fadilath dìde. Ó lọ mú dígí tó wà lára ògiri wá, ó mí sí i títí ó fi ṣú, ó gbé e síwájú wọn. "Ẹ wò ó. Bó ṣe rí nìyí. Ẹ wò ó, mo ti nù ún. Báyìí ńkọ́?"

Bàbá wo dígí náà pẹ̀lú sùúrù. "Mi ò rí ìyàtọ̀," ni wọ́n wí.

Dígí náà wà lọ́wọ́ Fadilath, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Akim jáde sí àgbàlá. Fídíò ṣì ń lọ, funfun títí, ohùn èémí Fadilath fúnra rẹ̀ nìkan ló ń dún nínú rẹ̀, wùùù, wùùù. Bàbá ti di ojú.

"Sọ fún mi, nígbà náà," ni wọ́n wí. "Ta ló wà níbẹ̀?"

Ó sọ fún wọn. Ó sọ bí ìrẹsì ṣe ń bọ̀ wálẹ̀, bí àwọn onílà dúdú ṣe ń jà, bí àwọn fàdákà ṣe ń gba àárín wọn, bí kúta ṣe dúró.

"Wọ́n jẹ ẹ́ tán?"

"Wọn ò ṣẹ́ hóró kan kù, Bàbá."

"Hẹn," ni wọ́n wí.

Kí ilé ìwé tó wọlé, ojú kejì kò mọ̀ ju ọ̀sán àti òru lọ mọ́. Fadilath tún mú wọn lọ rí dókítà náà, dókítà náà sì kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó kọ oògùn kan náà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ mọ ilé náà lọ́tun, ògiri dé ògiri. Wọ́n bínú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń fọ́ ife, wọ́n ń kọ oúnjẹ. Ìbínú náà lọ. Fadilath fẹ́ràn ìbínú yẹn ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Soulé, tí àwọn àti Bàbá jọ wà nínú ọkọ̀ nígbà kan rí, wá kí wọn. Fadilath ń gbé tíì bọ̀ láti ilé ìdáná nígbà tó gbọ́ ohùn Bàbá.

"Mo rí wọn," ni Bàbá ń wí. "Ọmọ mi lọ yà wọ́n wá fún mi. Onílà dúdú ni wọ́n, Soulé, agbo rẹpẹtẹ. Wọ́n ń ti ara wọn bí èrò ọjà. Kúta kan sì dúró lápá kan, kò jẹ, ó kàn ń wò wọ́n."

"O rí wọn lójú ara rẹ?" ni Soulé bèèrè.

"Lójú ara mi. Kí ojú tó lọ."

Fadilath dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwo tíì lọ́wọ́. Kò mọ̀ bóyá Bàbá ti gbà á gbọ́ pé àwọn rí i ní tòótọ́, àbí wọ́n ń sọ ọ́ sókè kí òun lè gbọ́. Kò sí bó ṣe lè bi wọ́n. Bó bá wọlé tó ní kò rí bẹ́ẹ̀, á dójú tì wọ́n níwájú ọ̀rẹ́ wọn. Bó bá dákẹ́, ó di pé òun náà ti fọwọ́ sí i. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Soulé, ó gbé ife kan lé wọn lọ́wọ́, ó gbé èkejì lé ti bàbá rẹ̀, ó sì ká ìka wọn mọ́ ọn kó má bàa dànù.

"Ṣúgà ńkọ́?" ni Bàbá wí.

Ó padà lọ mú un wá.